Ògiri Tó Ń Rìn ní Orégùn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá rí àga, kó fi jókòó. Ẹni tí kò bá rí, ilẹ̀ ò lé ẹnikẹ́ni rí. Ohun kan ni mo máa bẹ̀ yín: ẹ bojú wo ògiri tó wà níwájú yín. Ṣé ó dúró sójú kan? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣì dúró ná.

Àwọn kan ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun, àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀. Tèmi, ojú ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ojú mi ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan ní Orégùn, níbi tí wọ́n ti ń rọ mínírà sínú ìgò. Ìgò tí ẹ bá mu tán, tí ẹ dá padà fún ẹni tó tà á fún yín, ọ̀dọ̀ wa ló ń padà sí. Ẹ̀rọ á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, á gorí bẹ́líìtì, á máa yọ̀ bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, èjìká èyí á máa kan èjìká tọ̀hún. Kó tó dé ibi tí wọ́n ti máa rọ nǹkan sí i, ó di dandan kó gba iwájú wa kọjá. Pátákó funfun kan wà níbẹ̀ tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwa obìnrin á jókòó, a ó kọjú sí iná yẹn, ìgò á máa gba àárín àwa àti iná kọjá. Ohun tí ọṣẹ kò bá rí yọ, àwa la ó rí i: ẹsẹ̀ aáyán, ìdajì sìtírọ́ọ̀, bébà, ìgò tí ẹnu rẹ̀ ti là. Ẹ ò lè mọ ohun tí àwọn èèyàn ń tì bọnú ìgò. Mo rí kọ́kọ́rọ́ àpótí kékeré kan lọ́jọ́ kan. Títí di òní, mo ṣì ń ro ti ẹni tó ń wá a.

Ariwo ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo rò pé etí mi á di. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Bí iná bá lọ lójijì, tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó ń gbọ́ pé ariwo kan ti wà. Òórùn ṣúgà náà, bákan náà. Bí mo bá wọlé ní Agége, àwọn ọmọ mi á ní òórùn mínírà ti dé, èmi ò sì gbóòórùn nǹkan kan. Ara wa dà bí ìránṣẹ́ tí kì í jẹ́ iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, tí nǹkan kan kò sì yí padà, á dákẹ́, á lọ jókòó. Ká ní mo ti ronú sí ìyẹn dáadáa nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú la fi ń wo ìgò. Agogo á dún, a ó dìde, àwọn mìíràn á jókòó, àwa á lọ máa to kéréètì fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ni obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Alájà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì débi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, áńbọ̀sìbọ́sí Mẹ́kà. Òun náà ń pè mí ní Ará Èkìtì. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé mò ń sin ìgò kọ̀ọ̀kan lọ, tí ọrùn mi ń yí bí ọrùn adìyẹ tó rí àṣá. Ó ní, "Ìgò kì í ṣe àlejò rẹ, má sìn ín sọ́nà. Fi ojú síbì kan, kí wọ́n máa wá bá ọ níbẹ̀."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi sì mú. Ẹsẹ̀ aáyán tí kò tó irun ojú, mo ti rí i kó tó kọjá. Àmọ́ ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, agogo dún, mo gbójú sókè, ògiri ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín. Ìgò tiwa máa ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ògiri tó wà lókè pátákó iná wá ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, jẹ́jẹ́, bí odò abúlé wa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kò yí bí ìgbà tí òòyì bá ń kọ́ni. Ó ń ṣàn ni. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ń lọ, kò sì lọ. Fèrèsé wà níbi tó wà. Ibi tí símẹ́ńtì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wà níbi tó wà. Aago ńlá tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Gbogbo rẹ̀ ń rìn, kò sì sí èyí tó rìn kúrò. Kí n tó ka ení dé ọgbọ̀n, ó ti dúró.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kásúà ni gbogbo wa, òṣìṣẹ́ ojúmọ́. Ní àárọ̀, a ó dúró ní géètì, wọn á yan àwọn tí wọ́n bá fẹ́, wọn á ní kí àwọn yòókù máa lọ ilé. Òfin kan sì wà tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tí òòyì bá ń kọ́, tàbí tí ojú ń ṣe ségesège, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kì í wo ojú ẹni kó tó fa aṣọ ẹni. Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ ní géètì? Mo wá ọgbọ́n dá sí i. Bí agogo bá ti dún, mo máa di òpó irin mú, màá máa tún gèlè mi ṣe, títí ògiri á fi dúró. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tún gèlè ṣe.

Ó wá di ìgbà kan, kò tíì pẹ́ títí, kọ́ńpìnnì ní àwọn máa sọ àwọn kan nínú wa di sítáàfù. Ìwé orúkọ jáde, orúkọ Alájà sì wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró ní géètì. Ó sọ fún mi pé òun ò bá wọn du ọ̀rọ̀ owó oṣù, pé ohun tí òun fẹ́ ni kí òun jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí òun sì mọ̀ pé iṣẹ́ wà fún òun lọ́jọ́ náà. Ó ku kí nọ́ọ̀sì kọ́ńpìnnì yẹ̀ wọ́n wò, kí máníjà sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì.

Nọ́ọ̀sì náà, ọmọge kan tó níwà, bi í bóyá nǹkan ń ṣe ojú rẹ̀. Alájà kì í purọ́. Mo ti rí i tó dá owó padà fún ẹni tó ṣèṣì fún un ní àlékún. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ojú òun kò ṣe nǹkan kan, àfi pé bí òun bá dìde lórí àga, ògiri máa ń rìn díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ fún Alájà pé wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ bó bá di ọjọ́ Ẹtì, àti pé kò ní lè jókòó sídìí ìgò mọ́, nítorí òfin.

Abẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ibi tí a ń to kéréètì sí ló ti sọ fún mi. Kò sunkún. Ó ń ká etí híjáàbù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó ní òun ti ń fi hàńtú, omi tí áfáà fi fọ wàláà, bọ́jú láti ọdún kẹta, ó ní bóyá àwọn kan nílé ló wà nídìí ẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́. Ẹnu mi ti ṣí láti sọ pé tèmi náà ń rìn. Mo tún pa á dé. Mo ní kó má dààmú, Ọlọ́run ń bẹ. Ẹ ò rí i, ẹni tí kò fẹ́ sọ òótọ́ ló máa ń tètè rántí Ọlọ́run.

Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo jókòó síwájú ilé, mo mú orógbó kan nínú èyí tí àbúrò mi kó wá láti ilé, mo ń jẹ ẹ́. Ó korò débi tí mo fi di ojú. Mo ya omi inú ọ̀rá kan, mo mu ún.

Omi náà dùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹni tó bá jẹ orógbó mu omi, omi á dùn lẹ́nu rẹ̀. Láti kékeré la ti ń fi í ṣeré. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọ̀rá omi náà sókè, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ìgò. Ta ló fi ṣúgà sínú ẹ̀? Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i. Omi kò yí padà. Ahọ́n mi ni orógbó ti fà sí apá kan, nígbà tí orógbó sì fi í sílẹ̀, ó ta padà sí apá kejì kó tó dúró. Bí igi tí a tẹ̀ ba tí a sì jù sílẹ̀.

Mo dìde. Ọ̀rá omi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bó bá jẹ́ pé ahọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló ní kí ojú má ṣe bẹ́ẹ̀? Ìgò ń fà á lọ sí ọ̀tún fún ogún ìṣẹ́jú. Agogo dún, ìgò fi í sílẹ̀. Ibo ló máa ta sí?

Mo ń rìn káàkiri iwájú ilé, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin yọjú, ó ní, "Mọ̀mí, ṣé kò sí?" Mo ní kó lọ gbé orógbó méjì sẹ́nu, kó padà wá. Ó ní òun ò jẹ orógbó. Mo fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń sọdá ojú irin ní Agége bí mo ti máa ń ṣe kí n tó wọkọ̀, ni ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan bá dé. Ọkọ̀ yẹn gùn, a ní ó lọ, ó ní òun ṣì ń bọ̀. Lójoojúmọ́, bó bá dé, ilẹ̀ ni mo máa ń wò, tí mò ń kanra. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ojú síbì kan lára rẹ̀, bí Alájà ṣe kọ́ mi, mo jẹ́ kí ó máa kọjá níwájú mi. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn kọjá, ilẹ̀, òkúta, àti ilé àwọn èèyàn tó wà lódìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà síbi tí ọkọ̀ ti wá. Mo di obìnrin kan tó ru ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú lápá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo bi í bóyá òun náà rí i. Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá orí mi pé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má wo ilẹ̀, Mọ̀mí. Ó máa ń fẹ́ fà yín lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Ẹni tí kò wo ìgò rí láyé rẹ̀, tí kò mọ ọ̀nà kọ́ńpìnnì wa, tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣọ̀tá nítorí sítáàfù. Mo ra ọsàn rẹ̀ mẹ́rin, mi ò sì nílò ọsàn.

Àmọ́ ẹnu lásán kò lè gba orúkọ Alájà padà. Ẹni tí òòyì ń kọ́ náà lè sọ pé ojú irin ń rìn. Mo ń wá ohun tí nọ́ọ̀sì kò ní lè jiyàn sí. Orí ìdúró ní ìdí kéréètì ni mo wà lọ́jọ́ náà tó fi wá sí mi lọ́kàn. Bẹ́líìtì méjì la ní. Tiwa ń lọ sí ọ̀tún. Ìkejì, tó wà lẹ́yìn wa, òsì ló ń lọ. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, ibi tó bá wu àìsàn ló máa gbà. Àìsàn kò mọ ibi tí ìgò ń lọ.

Mo bẹ obìnrin kan ní bẹ́líìtì kejì pé ká pàrọ̀ àga lọ́jọ́ kan péré, mo ní iná tiwa ń ta mí lójú. Ó gbà. Mo jókòó, mo fi ojú síbì kan. Ogún ìṣẹ́jú yẹn gùn ju oyún àkọ́kọ́ lọ. Agogo dún, mo gbójú sókè, mi ò di òpó mú, mi ò tún gèlè ṣe. Ògiri náà rìn. Ọ̀tún ló ń lọ! Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń lọ sí òsì lójú mi, ìjókòó kan ṣoṣo yí i padà. Mo pàtẹ́wọ́ láàárín kọ́ńpìnnì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ nítorí ariwo.

Nígbà ìsinmi, àwa mẹ́fà tá a jọ ń jókòó sí bẹ́líìtì kìn-ín-ní wà lábẹ́ igi furúùtù. Mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo ní láti oṣù kejì tí mo ti débí, bí agogo bá dún, ògiri máa ń rìn lójú mi.

Ìyá kan tó wá láti Òǹdó ń bó ọsàn tí mo rà, kò gbójú sókè. Ó bó o tán yíká, èèpo rẹ̀ kò já, ó wá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Tèmi máa ń dúró bí mo bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ni omi bá ya. Ìkẹta ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni òun ń lò láti ọdún tó kọjá, dókítà kankan kò sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Ìkẹrin ní òróró àdúrà lòun fi ń pa iwájú orí, àti pé odidi ọjọ́ mẹ́ta ni pásítọ̀ òun fi gbààwẹ̀ lórí ògiri náà. Alájà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní, "Mo rò pé hàńtú mi kò ṣiṣẹ́ ni, mi ò mọ̀ pé òróró wọn ló ń tì í padà."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun kò rí i rí. Òun ló kéré jù nínú wa, ìyàwó tuntun ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó gbé àyà síwájú, ó ní orí òun le, ògiri kankan kò lè bá òun ṣeré. A yọ́ ṣe ìlara rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rín lọ sílẹ̀ tán, Alájà kọjú sí mi. Ó ní, "Láti oṣù kejì tí o débí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni a jọ jókòó, Ará Èkìtì. Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún ọ lábẹ́ igi yìí, o ní Ọlọ́run ń bẹ."

Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n fi ojú mi tún un ṣe, nítorí ẹnu mi ti bà á jẹ́. Mo wá ṣàlàyé orógbó fún wọn, àti ọkọ̀ ojú irin, àti bẹ́líìtì kejì. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá Òǹdó ti dìde, ó ní ká máa lọ bá nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ wa tán, ó ní òun gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n máníjà ló ń fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́bọ̀, máníjà wá sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kì í pariwo, èyí sì máa ń bani lẹ́rù ju ariwo lọ. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́. Mo ní mo fẹ́ kí òun àti nọ́ọ̀sì bá wa wo ìgò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó sórí àga Alájà, nọ́ọ̀sì jókòó sí tèmi. Ó fa fóònù yọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ojú yín la fẹ́ yá. Ẹ má sin ìgò lọ, ẹ fi ojú síbì kan, kí wọ́n máa wá bá yín." Ó fi fóònù sápò.

Àwa mẹ́fà tò sẹ́yìn wọn. Ẹ gbọ́ mi o: bí ògiri kò bá rìn lójú ọkùnrin yẹn, Alájà nìkan kọ́ ló máa lọ. Ẹni márùn-ún ló ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ òòyì níwájú nọ́ọ̀sì. Alájà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lábẹ́ híjáàbù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ojú olówó kì í ṣe bí ojú tiwa.

Agogo dún. Mo ní, "Ẹ wo ògiri."

Máníjà gbójú sókè. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń wá etí àga, ó rí i, ó dì í mú. Nọ́ọ̀sì ti dìde, ó tún jókòó.

Máníjà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dáwọ́ dúró: "Mọ̀mí, ta ló ń fa ògiri yìí?"

Mo ní, "Kò sí, ọ̀gá. Ojú yín ló ń gba ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìgò."

Nọ́ọ̀sì ní, "Òsì ló ń lọ." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tó rí òṣùmàrè.

Mo tú etí aṣọ mi, mo fún máníjà ní orógbó, mo ya omi lé e lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́, ó fajú ro, ó mu omi, ojú rẹ̀ là. Mi ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ mọ́. Ó bẹ̀ mí kí n mú òun lọ sí bẹ́líìtì kejì, ó sì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú mìíràn pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, láìwo fóònù. Nígbà tí ògiri lọ sí ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín sókè. Mi ò rí eyín rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ó padà wá, ó ń bi wá níkọ̀ọ̀kan. Ṣé tiyín ń rìn? Ó ń rìn, sà. Tiyín ńkọ́? Ó ń rìn. Ó kan ìyàwó wa. Ó gbé àyà síwájú bó ti máa ń ṣe, ó ní, "Tèmi kì í rìn o, sà. Orí mi le."

Máníjà wò ó. Ó wo ògiri. Ó tún wò ó. Ó ní, "Kí lẹ wá ń wò?"

Ojú ìyàwó sá lọ sókè. Gbogbo wa tọ ojú rẹ̀ lọ, ó sì gbé wa dé ibi aago ńlá tí ń bẹ lára ògiri. Ọmọ yìí ti ń ka ìṣẹ́jú láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, ìgò ń gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Ìyá Òǹdó ní òun ti ń ṣe kàyéfì pé ọmọ náà nìkan ló ń mọ ìgbà tí agogo máa dún. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ló kó o yọ. Máníjà ní kí wọ́n sọ aago yẹn kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó wá yí sí nọ́ọ̀sì, ó ní kó fa igi lé ohun tó kọ nípa Alájà. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni kí òun wá kọ dípò rẹ̀.

Ó ní, "Kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara pátákó ìkéde. Alájà kò lè wò ó. Ojú tó ń rí irun nínú ìgò tó ń sáré, ó ní kí n bá òun ka bébà tó dúró. Mo kà á. Orúkọ rẹ̀ ni ìkẹrin. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bébà náà mọ́ pátákó bí ẹni pé bébà náà máa rìn lọ. Ó wá gbá mi léjìká, ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án, Ará Èkìtì. Orógbó lo máa fi bẹ̀ mí títí tí eyín fi máa tán lẹ́nu mi." Mo sì ń kó o fún un títí di òní.

Láti ìgbà náà, ìkíni wa yí padà ní bẹ́líìtì. Bí agogo bá dún, ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó á bi ẹni tó ń dìde pé, "Ṣó rìn?" Á ní, "Ó rìn." Ìyẹn ni pé ó ṣiṣẹ́. Mi ò fọwọ́ sí i pátápátá o, nítorí ẹni tó bá ń sin ìgò kọ̀ọ̀kan lọ bí mo ti ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní lè ṣiṣẹ́ títí kí ògiri má rìn fún un. Àmọ́ ta ló fẹ́ ba ìkíni tó dùn jẹ́? A kò tún di òpó mú mọ́. A ó dìde, a ó dúró, a ó jọ máa wo ògiri tó ń ṣàn lọ, obìnrin mẹ́fà, bí àwọn tó wá ṣeré létí odò.

Gbogbo ẹ̀ ti parí báyìí. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà, ó ń wo ìgò ju bí a ti ń wò ó lọ, wọ́n sì tú àwọn àga wa. Alájà ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bíi sítáàfù, ó jogún àárọ̀ tí kò sí géètì nínú rẹ̀. Ìyá Òǹdó jogún mímí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ó wúlò fún ọ̀rọ̀ ọkọ. Nọ́ọ̀sì jogún ìbéèrè kan, ó sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan ń ṣe ojú òun, ohun tí òun kọ́kọ́ ń bi í ni pé kí lo wò ṣáájú. Ìyàwó wa ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Dọ̀pẹ̀mú; òun ló jogún aago ńlá yẹn, ó gbé e kọ́ sókè àwọn aṣọ tó ń tà, ó sì ń wò ó bó ti wù ú. Èmi jogún ojú irin. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé, mi ò kanra mọ́, mo máa ń dúró títí èyí tó gbẹ̀yìn á fi kọjá, kí gbogbo Agége lè gbéra, kó ṣàn níwájú mi, kó má sì lọ síbì kankan.

Kámẹ́rà ló jogún ìgò. Àmọ́ bí agogo bá dún, ògiri kì í rìn fún un.